Ohùn Méjì Lójú Sánmà

Gbogbo aago tí mo bá dárúkọ nínú ìtàn yìí, aago Nàìjíríà ni. Lóṣù tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, aago Jámánì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Mo yí i padà kí ẹni tó ń kà á ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, lè bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òun wà àti ohun tí òun ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń lọ lókè.

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, ọdún 2002. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni Brazil na Jámánì ní góòlù méjì sí òdo nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Yokohama, tí Ronaldo gbá méjèèjì wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹkún bàálù EAS tó já lu ilé àwọn èèyàn ní Gwammaja, nílùú Kánò, lọ́jọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún, kò tíì gbẹ lójú. Ishaya Mark Aku, mínísítà eré ìdárayá, wà lára àwọn tó bá a lọ. Ohun tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn nígbà náà ni pé bàálù wa ti gbó, àti pé a kì í tún wọn ṣe bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ajé yìí, bàálù méjì tí ara wọn le koko ló forí gbárí lójú sánmà Yúróòpù, níbi tí owó wà, tí ẹ̀rọ sì wà.

Ọ̀sán

Bàálù akẹ́rù DHL kan, Boeing 757, gbéra ní Bahrain lọ sí Bergamo ní Ítálì. Ibẹ̀ ni yóò ti dúró díẹ̀ kó tó kọrí sí Brussels. Èèyàn méjì péré ló wà nínú rẹ̀: Paul Phillips, ọmọ Bìrìtìkó, tó jẹ́ ọ̀gá awakọ̀, àti Brant Campioni, ọmọ Kánádà, igbákejì rẹ̀.

Ní Moscow, àwọn ọmọ iléèwé tó wá láti ìlú Ufa ní Bashkortostan ń dúró de bàálù. Etíkun Spéìn ni wọ́n ń lọ fún ìsinmi. Ọjọ́ méjì ṣáájú ló yẹ kí wọ́n ti lọ, àmọ́ bàálù wọn fi wọ́n sílẹ̀, ni iléeṣẹ́ Bashkirian Airlines bá ṣètò òmíràn fún wọn. Nígbà tí àyè ṣì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn mìíràn. Báyìí ni ìyàwó Vitaly Kaloyev ṣe wọlé pẹ̀lú ọmọ wọn méjèèjì. Ayàwòrán-ilé ni Kaloyev, Barcelona ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ń retí wọn níbẹ̀.

7:48 alẹ́

Ní Ìbàdàn, wọ́n ti kí Mọ̀gàríbì tán, wọn kò tíì pe Iṣái. Ní pápákọ̀ òfuurufú Domodedovo, aago ti lọ síwájú ju tiwa lọ. Tupolev 154 náà gbéra pẹ̀lú èèyàn 69, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án àti èrò 60, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn èrò náà.

Ẹ fọkàn sí bí wọ́n ṣe jókòó níwájú bàálù yìí. Alexander Gross, ọ̀gá awakọ̀, wà ní àga òsì, òun ló ń wà á. Oleg Grigoriev, ọ̀gá àgbà tó ń wo bí Gross ṣe ń ṣiṣẹ́, wà ní àga ọ̀tún, òun sì làṣẹ gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Murat Itkulov, tó máa ń jókòó sápá ọ̀tún lọ́jọ́ mìíràn, wà lẹ́yìn wọn láìní iṣẹ́ kan pàtó. Àwọn méjì mìíràn tún wà, ẹni tó ń fọ̀nà hàn àti ẹni tó ń mójú tó ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá wà níwájú, àgbà ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí yóò sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn.

10:06 alẹ́

Boeing DHL gbéra ní Bergamo, ó kọjú sí àríwá, ó ń gòkè kọjá àwọn òkè Alps.

Ní Zürich, àwọn olùdarí ọkọ̀ òfuurufú méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní iléeṣẹ́ Skyguide. Wọ́n ní àṣà kan tó ti pẹ́: bí òru bá ti dákẹ́, ọ̀kan á lọ sinmi, èkejì á máa bá a lọ ní òun nìkan. Àwọn ọ̀gá mọ̀ nípa rẹ̀, wọn kò sì sọ pé rárá. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ọ̀kan lọ sinmi. Ó ku Peter Nielsen, ọmọ Denmark, pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ méjì àti ìkànnì rédíò méjì.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tún dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ráda. Ráda ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Àmì tó máa ń hàn lójú ẹ̀rọ bí bàálù méjì bá fẹ́ súnmọ́ra jù kò sí níbẹ̀ mọ́, ohun tí iṣẹ́ náà sì mú kúrò lọ́wọ́ Nielsen kò yé e tó. Ní 10:23, wọ́n já tẹlifóònù tó so Zürich mọ́ àwọn iléeṣẹ́ alábàágbé rẹ̀ kúrò láti tún un ṣe. Èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ náà sì ní àbùkù.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé òru náà kò kún rárá. Ní Èkó lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí bàálù Àbújá, ti Port Harcourt àti ti Kánò ń wọlé tẹ̀lé ara wọn, tí àwọn mìíràn ń jáde lọ sí Ènúgù àti òkè òkun, iṣẹ́ olùdarí le ju ti Nielsen lálẹ́ yẹn lọ fíìfíì. Ohun tó sọ òru náà di ewu ni pé wọ́n ti bọ́ gbogbo ohun ìgbèjà kúrò lára ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

10:21 sí 10:34

Ní 10:21, Boeing bá Nielsen sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Awakọ̀ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ gun òkè dé 36,000 ẹsẹ̀ bàtà. Nielsen gbà fún un ní 10:26. Kó tó di 10:30, Boeing ti dé ibẹ̀. Ní 10:30 kọjá ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, Tupolev náà kí i láti ìlà oòrùn, òun náà ní 36,000 ẹsẹ̀ bàtà ni òun wà. Ipa ọ̀nà méjèèjì máa dábùú ara wọn lókè ìlú Überlingen, lẹ́bàá adágún Constance, ní gúúsù Jámánì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Gbólóhùn kan láti ẹnu Nielsen ì bá ti tó.

Àmọ́ bàálù Airbus kan ti Aero Lloyd pẹ́ dé, ó fẹ́ balẹ̀ ní Friedrichshafen. Ojú ẹ̀rọ kejì ni Nielsen ti ń rí i, ìkànnì kejì ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi tẹlifóònù sọ fún àwọn ará Friedrichshafen pé àlejò ń bọ̀. Ó pè, kò wọlé. Ó tún pè, kò wọlé. Ó dìde lórí àga àkọ́kọ́, ó jókòó sí èkejì, ojú rẹ̀ sì kúrò lára àwọn tó wà ní 36,000.

Ní Karlsruhe, lápá Jámánì, olùdarí mìíràn rí bàálù méjèèjì lójú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ké ìkìlọ̀. Ó gbé tẹlifóònù láti ta Zürich lólobó. Ìgbà mọ́kànlá ló pè, kò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tó wà nínú bàálù méjèèjì

TCAS ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ ìkọlù fún awakọ̀. Òun lọ̀rọ̀ yìí dá lé, ó sì tọ́ kí n tú u palẹ̀. Kò gbára lé ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Ó ń ju ìbéèrè sínú afẹ́fẹ́ láìdákẹ́, ẹ̀rọ ìdáhùn tó wà nínú bàálù mìíràn á fèsì, á sì sọ bí òun ṣe ga tó. Bí ìdáhùn náà ṣe ń tètè dé sí i ni TCAS fi ń mọ bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ra. Àkókò ló ń kà, kì í ṣe máìlì. Ní irú òkè bẹ́ẹ̀, bó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 48 kí wọ́n pàdé, á ké pé "Traffic, traffic": kí awakọ̀ la ojú, ẹnìkan ń bọ̀. Bó bá ku nǹkan bí 35, á pàṣẹ. Á ní "Climb, climb" fún ẹni tí yóò gòkè, á ní "Descend, descend" fún ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀. Kì í ní kí ẹnikẹ́ni yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ẹni tó bá ń gba àárín agboolé kọjá ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba ti rí i rí: ẹni méjì ru ẹrù pàdé nínú ọ̀nà tóóró, ọ̀kan yà kí èkejì lè kọjá, èkejì náà yà síbẹ̀ kan náà, wọ́n tún jọ yà padà. Kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ ni TCAS méjì ṣe máa ń dá májẹ̀mú láàárín ara wọn kí wọ́n tó pàṣẹ. Bí ọ̀kan bá ti yan òkè, ilẹ̀ ni èkejì yóò yan. Májẹ̀mú náà sì máa ń bàjẹ́ bí awakọ̀ kan bá gbọ́ràn tí èkejì kò gbọ́.

10:34:42 alẹ́

Ní ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ṣáájú, Campioni ti dìde nínú Boeing láti lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Phillips nìkan ló wà níwájú nígbà tí TCAS ké pé "Traffic, traffic". Ti Tupolev náà ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá.

10:34:49. Nielsen rí i. Ó sọ fún Tupolev pé kó sáré sọ̀kalẹ̀ sí 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, bàálù kan fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó fi Boeing sílẹ̀ níbi tó wà. Bí kò bá sí ohùn mìíràn lójú sánmà, àṣẹ yìí ì bá gba gbogbo wọn là, bó tilẹ̀ pẹ́. Gross bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

10:34:56. TCAS pàṣẹ. Ó ní kí Tupolev gòkè. Ó ní kí Boeing sọ̀kalẹ̀. Phillips gbọ́ràn lójú ẹsẹ̀. Nínú Tupolev, Itkulov láti ẹ̀yìn ní ẹ̀rọ ń sọ pé kí àwọn gòkè. Grigoriev dá a lóhùn pé olùdarí ló ń mú àwọn sọ̀kalẹ̀.

10:35:03. Nítorí pé wọn kò tíì dá Nielsen lóhùn, ó tún àṣẹ rẹ̀ pa: ẹ sáré sọ̀kalẹ̀. Ìgbà yìí ni Grigoriev dáhùn pé àwọn gbọ́. Nielsen tún sọ ibi tí bàálù kejì wà fún wọn, àmọ́ ó ṣì í sọ. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún wọn ni, bẹ́ẹ̀ òsì ni Boeing ti ń bọ̀. Lójú ẹni tó wà nínú òkùnkùn náà, ó ṣeé ṣe kó dà bíi pé bàálù kẹta tún wà níbìkan. Nielsen padà sọ́dọ̀ Airbus rẹ̀. Ó ti pàṣẹ, wọ́n ti dáhùn, kò sì mọ̀ pé Boeing náà ń sọ̀kalẹ̀.

10:35:10. TCAS Boeing ní kí ó túbọ̀ yára sọ̀kalẹ̀. Campioni ti sáré padà.

10:35:19. Awakọ̀ Boeing sọ fún Zürich pé TCAS ló ń mú àwọn sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Airbus ló wà létí Nielsen, kò gbọ́ èyí.

10:35:24. TCAS Tupolev ké pé kí ó túbọ̀ yára gòkè.

Ní 10:35 kọjá ìṣẹ́jú àáyá 32, ní 34,890 ẹsẹ̀ bàtà, ìrù Boeing gé ara Tupolev sí méjì. Èèyàn 71 kú. Àwókù bàálù bọ́ sí oko àti igbó láàárín Überlingen, Owingen àti Taisersdorf, kò sì pa ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Nielsen parí ọ̀rọ̀ Airbus, ó padà sí ojú ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó pe Tupolev. Kò sí ìdáhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú pe Gross àti Grigoriev ní aláìgbọ́n. Ìwé ìtọ́nisọ́nà Tupolev tiwọn sọ pé ojú awakọ̀ àti ìgbọ́ràn sí olùdarí ló ṣe pàtàkì jù láti yẹra fún ìkọlù, TCAS sì jẹ́ àfikún. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Phillips náà ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì gbọ́ràn, ìgbọ́ràn náà ló sì pa wọ́n, torí pé àwọn tó ń ṣòfin kò tíì jókòó sọ ọ́ ní ohùn kan pé ta ni kí a tẹ̀ lé bí ẹ̀rọ àti èèyàn bá tako ara wọn.

Wọ́n sì ti rí ìkìlọ̀. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, bàálù méjì ti Japan Airlines tí èèyàn 677 wà nínú wọn fẹ́ kọlu ara wọn. TCAS ní kí ọ̀kan gòkè, olùdarí ní kó sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ sì tẹ̀ lé olùdarí. Ojú tí awakọ̀ fi rí èkejì ló gbà wọ́n là, àwọn tó fara pa nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Oṣù mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn rẹ̀ ni Überlingen. Ìwé ìwádìí Japan jáde lọ́jọ́ kejìlá oṣù Keje ọdún 2002, nígbà tí àwọn ọmọ Ufa ti kú fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Tiwa ní Ejirin

Àwa náà ní irú ọjọ́ yìí. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 1996, Boeing 727 ti ADC ń bọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó. Bó ṣe ń súnmọ́ Èkó, ó ko 727 mìíràn ti Triax tó ń jáde lọ. Awakọ̀ ADC yí bàálù rẹ̀ kíkankíkan láti yẹra fún un. Ó yẹra lóòótọ́, wọn kò fara kanra. Ṣùgbọ́n bàálù náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú dé, ó sì fi eré burúkú wọ inú ọ̀sà nítòsí Ejirin, lágbègbè Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó kú lé ní 140. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn, ọmọ Omoku tó fi ìgbìmọ̀ ìwádìí àyíká Niger Delta sílẹ̀ nígbà tí wọ́n so Ken Saro-Wiwa kọ́. Ìwádìí fi ẹ̀bi sọ́dọ̀ olùdarí tó jẹ́ kí bàálù méjèèjì súnmọ́ra jù, àti sọ́dọ̀ bí awakọ̀ ṣe yí tirẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo ka ìtàn méjèèjì pọ̀, ohun tó ń dùn mí nínú ti Ejirin ni pé ìkọlù kọ́ ló pa wọ́n, ìyẹra ni. Ẹ wo ohun tí TCAS ń béèrè: kí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ó fọwọ́ tútù gbé imú bàálù sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ó máa lọ ní nǹkan bí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí yíyí. Awakọ̀ tó dúró kí ojú rẹ̀ rí ewu nìkan ló máa ń fipá yí bàálù, torí pé nígbà tí ojú bá rí i, àkókò ti tán. Lọ́dún 1996, ICAO, àjọ tó ń ṣòfin ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, kò tíì sọ ẹ̀rọ náà di dandan. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003 ló di dandan fún àwọn bàálù ńlá.

Lẹ́yìn rẹ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ICAO là á mọ́lẹ̀: bí TCAS bá pàṣẹ, kí awakọ̀ tẹ̀ lé e, kódà bí olùdarí bá sọ ohun mìíràn. Awakọ̀ á sọ pé "TCAS RA", olùdarí á sì yéé darí bàálù yẹn títí awakọ̀ yóò fi ní "Clear of conflict", ìyẹn ni pé ewu ti rékọjá. Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe pẹ̀lú, kó lè tètè yí àṣẹ rẹ̀ padà bó bá rí i pé ẹnìkejì ń ṣe òdìkejì.

Kaloyev wà lára àwọn mọ̀lẹ́bí tó kọ́kọ́ dé ibi tí bàálù já sí. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2004, ó lọ bá Nielsen nílé rẹ̀ ní Kloten, ó sì gún un pa. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 19 oṣù Karùn-ún, ni ìwé ìwádìí Jámánì jáde, tó sọ pé àwọn ọ̀gá Skyguide ló ti gba àṣà olùdarí kan ṣoṣo lóru láyè láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì sọ pé òfin ayé lórí TCAS kò ṣe déédéé, ó ń tako ara rẹ̀. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ ní Bülach dá àwọn ọ̀gá mẹ́rin ní Skyguide lẹ́bi. Èmi gbà pé ìdájọ́ náà tọ́. Nielsen ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n àwọn tó fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú tẹlifóònù tó ti kú ló gbé àṣìṣe náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó ń darí NAMA, tí ojú sánmà Nàìjíríà wà lọ́wọ́ yín, mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fi olùdarí kan ṣoṣo sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ lóru nítorí pé òru dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ sọ fún ẹni tó wà nídìí iṣẹ́, lọ́rọ̀ tó yé e, ohun tí ẹ mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dán tẹlifóònù kejì wò kí ẹ tó já èkíní. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ bàálù, ẹ jẹ́ kí àwọn awakọ̀ yín fi àṣẹ TCAS dánra wò léraléra, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n kí ọkàn tó ronú. Ìwọ tó ń wọ bàálù láti Alákìá lọ sí Àbújá, jẹ́ kí bẹ́líìtì rẹ wà ní dídè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí bí ẹ̀rọ bá pàṣẹ fún awakọ̀, kò ní àyè láti kọ́kọ́ sọ fún ọ.